Ẹ sọ èyí tí ojú yín rí: báwo ni ìyá ẹranko ṣe ń kọ́ ọmọ rẹ̀?

Àdùnní: Ẹ kú ìjókòó o. Ológbò mi bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pé bí oṣù kan, ó gbé òkú eku wá síwájú wọn, ó sì jókòó tì wọ́n, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ààyè eku ni ó gbé wá. Bí eku náà bá fẹ́ sá lọ, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì dá a padà fún wọn. Kí ni ẹ̀yin rí?

Bàbá Ọlọ́sìn: Àgbébọ̀ ni tèmi. Igbe tí ó máa ń ké bí àṣá bá yọ lókè kò jọ èyí tí ó ń ké sí ohun tí ń bọ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí àṣá dé, gbogbo ọmọ rẹ̀ ti wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òròmọdìẹ tí mo rà láìní ìyá dúró sójú kan. Méjì ni ó gbé lọ.

Ọmọ Ọdẹ: Ìwà àbínibí ni gbogbo èyí. Ológbò tí kò mọ ìyá rẹ̀ náà ń pa eku.

Olùkọ́: Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Nínú ìwádìí tí Zing-Yang Kuo tẹ̀ jáde ní 1930, ọmọ ológbò 18 nínú 21 tí ó dàgbà níbi tí ìyá ti ń pa eku ni ó pa eku. Nínú 20 tí a dá tọ́, 9 péré ni. Ti meerkat, ẹranko kékeré inú aṣálẹ̀ Kalahari, ni ó tilẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní 2006, Alex Thornton àti Katherine McAuliffe ṣàlàyé pé òkú àkekèé ni àwọn àgbà wọn máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ, lẹ́yìn náà ààyè tí wọ́n ti bu oró ìrù rẹ̀ kúrò, kí ó tó wá kan odindi. Igbe ọmọ ni wọ́n fi ń mọ èyí tí ó tọ́ sí i.

Ọmọ Ọdẹ: Igbe ni wọ́n ń dá lóhùn nígbà náà. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́: Bí wọ́n mọ̀, bí wọn kò mọ̀, ọmọ ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, àgbà sì ń fi ẹran tí ì bá jẹ du ara rẹ̀. Ìkọ́ni ni mo pe ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ Àdùnní dùn mí dé egungun. Ológbò mi ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo pè é ní ìwà ìkà, mo gba eku náà, mo sì lé ìyá wọn jáde. Títí di òní, àwọn ọmọ náà kì í súnmọ́ eku.

Àdùnní: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Síléètì ni ẹ gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìmọ̀. Bàbá, àwọn òròmọdìẹ yòókù ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́sìn: Mo rọra tì wọ́n sábẹ́ àgbébọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ, ní òru, ó sì gbà wọ́n. Nígbà tí àṣá náà padà wá, kò rí ọ̀kan nínú wọn níta.