Sọ́fítíwià ti ń ṣe iṣẹ́ mi ní akáǹtì, ṣé kí n parí ACCA ni àbí kí n bọ́ sí dátà?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Iṣẹ́ akáǹtì ni mò ń ṣe, ẹ̀ka tó ń sanwó fún àwọn tó ń kó ọjà fún kọ́ńpìnnì. Tí invoice, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó ọjà, bá dé, èmi ni mo máa wò ó bóyá ó bá order tí a fi ránṣẹ́ mu, bóyá ọjà yẹn wọlé lóòótọ́ àti pé iye tó wọlé ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kí ọ̀gá wá fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ náà ti mọ́ mi lára débi pé bí mo bá kàn fojú kan bébà mo ti mọ èyí tó ní wàhálà nínú. Wọ́n wá gbé sọ́fítíwià tuntun dé, ó ń ka invoice fúnra ẹ̀, ó ń fi wé order, èyí tó bá bára mu á kàn kọjá lọ láìsí pé èèyàn fọwọ́ kàn án, ìwọ̀nba èyí tí kò bá bára mu nìkan ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwa tá a pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó àwọn kan lọ sí ẹ̀ka míì, àwọn kan ti gba lẹ́tà. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan fún èmi ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́, mo ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ACCA, ìwé ẹ̀rí àgbáyé fún àwọn akáǹtì, nígbà kan, mo kọjá gbogbo ìpele àkọ́kọ́, mo tún kọjá òfin àti owó orí ní ìpele kejì, kí oyún àti ọmọ tó gbà mí lọ́wọ́. Àbúrò mi ní kí n pa akáǹtì tì, kí n lọ kọ́ data analysis, pé ibẹ̀ lowó wà. Ọ̀rẹ́ mi kan náà ní iṣẹ́ ọwọ́ ni kí n lọ kọ́ torí kọ̀ǹpútà ò lè gun àkàbà. Orí mi ti dàrú. Mi ò sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n máa kàwé látàárọ̀ dalẹ́, ẹnu tí mò ń bọ́ pọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Lẹ́jà:
Àbúrò, lọ parí ìdánwò ẹ jàre. Ìwé 13 ni gbogbo ẹ̀, 3 ní ìsàlẹ̀, 6 láàárín, 4 lókè. Tóo bá ti kọjá 3 àti 2 yẹn, 8 ló kù, kì í ṣe òkè tí a ò lè gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, March, June, September àti December, 50 lèèyàn sì gbọ́dọ̀ gbà kó tó kọjá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé gbèdéke ọdún 7 tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn yẹn, ìpele òkè nìkan ló wà fún, torí náà èyí tóo ti kọjá nísàlẹ̀ ò tíì bà jẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí wọn kóo mọ̀ bóyá orúkọ ẹ ṣì wà nínú ìwé wọn, torí tóo bá ti jẹ owó ọdọọdún wọn, wọ́n á ti yọ ẹ́, wàá ní láti forúkọ sílẹ̀ padà. Wọ́n á tún bèèrè ìrírí iṣẹ́ oṣù 36 lọ́wọ́ ẹ, iṣẹ́ tóo ń ṣe yìí wà lára ẹ̀ tí ọ̀gá tó yẹ bá lè fọwọ́ sí i. Nítorí náà má tíì bínú kúrò níbẹ̀ o!

ỌmọDátà:
Àǹtí, ẹ má gbọ́ tàbúrò yín tán. Dátà ni mò ń ṣe, mi ò ní tàn yín. Àwọn tó fi oṣù díẹ̀ kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì gba sàtífíkéètì pọ̀ bí eṣú, gbogbo wọn ló ń fi CV kan náà ránṣẹ́ síbi kan náà. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín. Bọ̀bọ́ kan wà níbi iṣẹ́ wa, ọwọ́ ẹ̀ yá gan-an, wọ́n ní kó ṣírò iye tí a ń ná lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń kó ọjà fún wa. Ó mú tébùlù invoice, ó so ó mọ́ tébùlù owó tí a san, ó ṣírò, ó ya àwòrán aláràbarà. Kò mọ̀ pé invoice tí a bá san ní ìdá méjì máa jáde lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti so wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye ẹ̀ ṣe di ìlọ́po méjì. Àwòrán yẹn ti dé iwájú àwọn ọ̀gá kí obìnrin kan láti akáǹtì tó bèèrè pé kí ló dé tí kò bá lẹ́jà, ìwé ìṣirò owó wa, mu. Obìnrin yẹn ò mọ SQL, èdè tí wọ́n fi ń béèrè dátà látinú tébùlù, rárá nígbà yẹn o. Òun ni wọ́n wá ní kó máa yẹ iṣẹ́ wa wò kó tó jáde, òun náà sì ti ń kọ SQL báyìí.

Tí mo bá jẹ́ yín, Excel ni máa kọ́kọ́ gbá mú dáadáa, mi ò sọ pé kéèyàn kàn mọ SUM o, mò ń sọ pivot table tó ń kó nọ́ńbà jọ ní ṣókí, XLOOKUP tó ń wá nǹkan nínú tébùlù, àti Power Query tó ń tún dátà ṣe tó sì ń so tébùlù pọ̀, tó ti wà nínú Excel fúnra ẹ̀ láti 2016. Lẹ́yìn ìyẹn SQL. Láti 1974 tí àwọn méjì kan ní IBM ti gbé e síta, wọn ò tíì rí nǹkan tó lè lé e lọ, torí náà ohun tẹ́ẹ bá kọ́ níbẹ̀ ò ní bà jẹ́ lọ́la. Python lè dúró. Ẹ má san owó ńlá fún kóòsì kankan ṣáájú ìyẹn, ọ̀fẹ́ ló kún inú íntánẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Wáyà:
Èmi ni ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ 😂 mo fi tábìlì akáǹtì sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ iná, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn yéé sọ ọ́ bíi pé ibi ìsádi ni iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún mélòó kan lo máa fi wà lábẹ́ ọ̀gá, owó kékeré ni wàá sì máa gbà, ọ̀gá mi nígbà yẹn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ń rán mi níṣẹ́ lọ ra nǹkan. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé tóo bá ti pa iná, má gbà á gbọ́. Kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tóo mọ̀ dájú pé iná wà kóo rí i pé tẹ́sítà ń ṣiṣẹ́, kóo wá fi kan ibi tóo fẹ́ ṣe, kóo tún padà lọ fi kan ibi tí iná wà yẹn, torí tẹ́sítà lè kú láàárín méjèèjì kó wá sọ fún ẹ pé kò síná. Ẹni tí kò bá ní sùúrù irú ìyẹn kó jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀. Tí iṣẹ́ ọwọ́ bá wù ẹ́ látọkànwá, ẹ káàbọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù sọ́fítíwià ló ń lé ẹ, má wá.

Alátakò:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ń bẹ̀rù jù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ATM dé ní Enfield ní London ní 1967, gbogbo ayé ní àwọn tó ń kawó ní báńkì ti tán nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ATM ti gbalẹ̀, wọn ò dín kù, torí ẹ̀ka báńkì kọ̀ọ̀kan ò ná wọn lówó tó tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n bá ń ṣí púpọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọ̀hún ló yí padà.

Ìyá Ìbejì:
@Alátakò parí ìtàn náà kẹ̀! Nígbà tí fóònù dé tí kálukú ń fi ìka ránṣẹ́ owó látorí bẹ́ẹ̀dì, ṣé wọn ò wá dín kù ni? Kì í ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ má fi ìyẹn tu obìnrin yìí nínú kó má bàa sùn lọ.

Àǹtí, ìbéèrè kan ni mo ní. Àwọn invoice tí sọ́fítíwià ń dá padà sí yín yẹn, kí lẹ ń ṣe sí wọn gan-an?

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. @Ìyá Ìbejì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà míì invoice kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi àmì kékeré kan kún nọ́ńbà ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá rò pé ọ̀tọ̀ ni. Nígbà míì nọ́ńbà ló ṣípò, bíi kí wọ́n fẹ́ kọ 540 kí wọ́n kọ 450. Ìyẹn ò le rárá, tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì bá ṣe é fi 9 pín láìsí ìyókù, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nìyẹn.

Èyí tó burú jù lèyí tí sọ́fítíwià ò tiẹ̀ dá padà. Íméèlì dé pé ẹnì kan tó ń kó ọjà fún wa ti pààrọ̀ báńkì, invoice bá order mu, ọjà ti wọlé, gbogbo nǹkan pé pérépéré. Ọkàn mi ò ṣáà gbà á. Mo pe nọ́ńbà wọn tó ti wà lọ́wọ́ wa látijọ́, mi ò pe èyí tó wà nínú íméèlì yẹn. Wọ́n ní àwọn ò pààrọ̀ báńkì kankan o.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀ẹ́n ẹn! Ẹ sì ń pe ara yín ní ẹni tó ń tẹ invoice. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kó wà lókè CV yín, kì í ṣe “mo máa ń tẹ invoice sórí kọ̀ǹpútà”. Iṣẹ́ àwọn tó ń dènà jìbìtì àti àwọn ayẹ̀wéwò inú ilé iṣẹ́ lẹ ń ṣe, orúkọ ẹ̀ àti owó ẹ̀ nìkan lẹ ò tíì gbà. Ibi tí mo ti wà nìyẹn, ẹnu iṣẹ́ bíi tiyín lèmi náà gbà wọlé.

Ohun tí màá ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni pé màá lọ bá ọ̀gá, màá ní ẹ jẹ́ kí n wà lára àwọn tó ń bá sọ́fítíwià yìí ṣe òfin ẹ̀. Ẹnì kan ló ń pinnu pé tí iye bá fi báyìí ju ti order lọ kó má kọjá, pé tí báńkì bá yí padà kó dúró títí èèyàn á fi pè wọ́n. Ta lẹni náà níbi iṣẹ́ yín? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ta sọ́fítíwià yẹn fún yín ni, kò sì mọ ìkankan nínú àwọn tó ń kó ọjà fún yín.

ỌmọDátà:
Mo gbà pátápátá. Power Query á sì bá yín wá invoice tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ gbé ti ọdún tó kọjá síbẹ̀, èyí tó ti kọjá tẹ́ẹ ò mọ̀ á jáde. Ẹ gba àṣẹ kẹ́ẹ tó ṣe é o.

Olùbéèrè:
Àṣé! Ọ̀rọ̀ òfin sọ́fítíwià yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ìdánwò ńkọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ nínú 4 tó kù láàárín yẹn? Ẹnì kan ní PM (Performance Management) ló dáa torí ó ní ọ̀rọ̀ dátà nínú.

Ẹ̀gbọ́n Lẹ́jà:
PM dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n AA (Audit and Assurance), ìwé ìyẹ̀wéwò, ni tìẹ. Ìdènà àṣìṣe àti jìbìtì nínú ilé iṣẹ́, ta ló ń fọwọ́ sí kí ni, báwo lo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn ló kún inú ẹ̀, gbogbo ohun tóo sọ lókè yìí ni wọ́n máa bi ẹ́. Kan ka FR (Financial Reporting) mọ́ ọn, torí tóo bá ń yẹ ìwé owó ẹlòmíì wò, o gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Olùbéèrè:
Kí n jókòó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọmọ tó ń kígbe?

Ẹ̀gbọ́n Lẹ́jà:
Rárá o. Ọ̀kan ní ìjókòó kan. Kọ FR ná, kí AA tẹ̀ lé e.