Tó bá jẹ́ àfọwọ́fà, ojú wo la fi ń bẹ Ọlọ́run?

Ọmọ Bólórundúró, Birmingham: Ẹ̀yin ọmọ Obòkun, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Coventry. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó tí a dá jọ láti fi pààrọ̀ páànù ilé Màmá ní Iléṣà wà. Ó ti fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tán lórí fóònù, ó sì tún yá owó lé e. Màmá ò mọ̀. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ooye, wọ́n ń lé ọ̀tá tó di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú. Ó ní òun ò lè gbàdúrà mọ́, pé kò kúkú sí ẹni tó ṣe òun. Kí la fẹ́ wí fún un?

Ìyá Ìsọ̀kún, Leeds: Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ṣe òun ti sún mọ́ àdúrà ju bó ṣe rò lọ. Àwa tí wọ́n bí sí ìlú tí ìsọjí Bàbá Babalọlá ti bú jáde ní 1930, a mọ àdúrà ọ̀tá gbà dáadáa. Èyí tó ní "èmi ni mo ṣe é" ló ń wúwo lẹ́nu wa.

Ẹ ka Kíróníkà Kejì orí 33 fún un. Ta ló rán Mánásè pé kó gbé ère sínú tẹ́ḿpìlì? Nígbà tí àwọn ará Ásíríà dè é lọ sí Bábílónì, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó dá a padà sórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fo ẹsẹ 15 o. Mánásè fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ère náà dà sẹ́yìn ìlú. Dáfídì náà rí ìdáríjì gbà lẹ́nu Nátánì, síbẹ̀ ọmọ tí Bátíṣébà bí fún un kú. Nítorí náà kó má retí pé tó bá ti sunkún tán, gbèsè á pòórá.

Kó kúnlẹ̀, kó pe nǹkan náà lórúkọ: "Olúwa, mo fi owó páànù ìyá mi ta tẹ́tẹ́, mo sì purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣàánú mi." Kó má sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ Ọ́". Kò sí "bí" níbẹ̀.

Alájì Òkèṣà, Manchester: Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ànọ́bì Yúnúsù náà, nínú ikùn ẹja ló ti jẹ́wọ́ pé òun wà lára àwọn alábòsí, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Tó bá dìde lórí eékún, kó forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ní GamStop, ètò tó ń ti àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹni. Ọ̀fẹ́ ni. Kó mú ọdún 5, kó má mú oṣù 6, nítorí kò ní lè fagi lé e kí àkókò tó pé. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ yìí ò sí nínú rẹ̀ ṣá, ìyẹn ló fi yẹ kó ní kí báǹkì rẹ̀ náà dí ọ̀nà tẹ́tẹ́ pa.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló, London: Ní ti owó tó yá, kó pe StepChange, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n lè bá a béèrè Breathing Space: ọjọ́ 60 tí èlé á dúró lórí ọ̀pọ̀ gbèsè, tí àwọn agbowó ò sì ní lè yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ kó máa san owó ilé àti owó iná lọ. Àwọn bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó jẹ wọ́n lówó aṣọ, a mọ̀ pé ẹni tó jáde wá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dá ọjọ́ fún.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi owó sí i lọ́wọ́. Ẹ sanwó páànù tààrà fún ẹni tó ń tà á.

Ìyá Ìsọ̀kún, Leeds: Ẹ má jẹ́ kí Màmá dá nìkan gbọ́ ọ lórí fóònù o. Kí ẹnìkan jókòó tì wọ́n. Ẹnu ọmọ wọn gan-an ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọmọ Bólórundúró, Birmingham: Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pè é, a jọ ṣe ti GamStop náà báyìí. Àǹtí wa á lọ bá Màmá lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà yẹn ló máa pè. Ta ló mọ káfíńtà tó ṣe é fọkàn tán ní Iléṣà?