Ìwé ìkọjá A38: èmi náà fẹ́ sọ tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka ìjà yín láìdá sí i, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé orí "ìwé wèrè", ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ kàtúùnù àwọn Faransé kan sí Yorùbá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Les Douze Travaux d'Astérix ni, ó ti jáde láti 1976. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni òun yóò pe laissez-passer A38, ìwé tí ìjọba fi ń gbà kéèyàn kọjá, tó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní kó pè é ní ìwé wèrè, torí wèrè ni ìwé náà ń sọni dà. Àǹtí wa tó jẹ́ olùkọ́ ní ìwé àṣẹ ìkọjá ló dáa. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Pọ́bẹ̀ ní kí la tún ń túmọ̀ sí, pé lésépasé làwọn ń pè é ní tiwọn ní Bẹ̀nẹ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Látibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fura pé àwọn tó ń pariwo jù ò tíì wo eré náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìwé yìí ti jáde, ká lè jọ máa bá ohun kan náà jà.

Késárì (bí Bíbélì wa ṣe ń pè é nìyẹn, a ò nílò òmíràn) ti ṣẹ́gun gbogbo Gọ́ọ̀lù, ilẹ̀ tó padà di Faransé, àfi abúlé kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n lù bí ẹni lu bàrà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àfàìmọ̀ kí àwọn ará abúlé yìí má jẹ́ òrìṣà. Késárì ní ó dáa, tí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà, kí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ méjìlá tí òun bá rán wọn, bíi ti Hercules, alágbára inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì. Asterix, ọkùnrin kúkúrú tó gbọ́n bí ìjàpá, àti Obelix, alápá òkúta, ni wọ́n gbéra. Wọ́n sá eré ju ẹni tó lè sáré jù lọ. Wọ́n bá ará Jámánì kan jìjàkadì. Obelix jẹ gbogbo oúnjẹ tí alásè ará Bẹ́ljíọ̀mù gbé kalẹ̀ tán, ó wá ń ṣàròyé pé ìpanu lásán ni wọ́n fún òun, alásè sì ti sá lọ. Kò sí èyí tó dá wọn dúró.

Iṣẹ́ kẹjọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Kò sí ẹranko níbẹ̀, kò sí idà. Ìwé kan péré ni kí wọ́n lọ gbà wá nínú ilé ìjọba kan. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò gbọ́ran dáadáa, ó rò pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ sí èbúté. Fèrèsé tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ní fèrèsé mìíràn ni. Fèrèsé yẹn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Òkè ní ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, títí ojú Asterix fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ní báyìí, ẹ padà síbi "ìwé wèrè". Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, èmi náà lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin tó wà ní káúńtà ń bó ẹ̀pà sínú ìdérí ike. Kò gbójú sókè. Ó ní yàrá kẹrìnlá ni. Yàrá kẹrìnlá ní kí n mú fáìlì mi wá. Fáìlì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ò sí lórí àga. Mo yọjú wo àga náà, kóòtù rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Mo padà sí káúńtà, ẹlòmíì ló ti wà níbẹ̀, ìdérí ẹ̀pà yẹn náà ló wà níwájú rẹ̀, òun náà ń bó o lọ. Ó ní yàrá kẹrìnlá ni. Nígbà tí mo délé tí ìyàwó mi béèrè ohun tí mo lọ gbà, tí mo sọ orúkọ ìwé náà fún un, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ náà gùn, ó gbẹ bí ẹ̀kọ tí kò rí ọbẹ̀. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó jọ wèrè.

Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Orúkọ ìwé náà gbọ́dọ̀ jọ ti ọmọlúàbí. Tí òǹkọ̀wé bá ti pè é ní ìwé wèrè, ó ti rẹ́rìn-ín kí a tó rí ohun tá a máa rín. René Goscinny tó kọ ọ̀rọ̀ Asterix, tí Albert Uderzo ń yàwòrán rẹ̀, kò sọ ìwé náà ní orúkọ ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni yìí kan náà ni kì í lè fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ láìfi ṣeré. Ohun tó wà nínú ìwé ìjọba ní tòótọ́ ló mú: laissez-passer. Ó so lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan mọ́ ọn, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Pọ́bẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Lẹ́nubodè, lésépasé tọ̀nà, kò sí ẹni tó máa bá yín jiyàn. Àmọ́ ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tó bá gbọ́ ọ, orúkọ oògùn ló máa rò pé ó jẹ́. Létí Faransé, ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì rárá: "ẹ jẹ́ kó kọjá" ni, gbólóhùn tí wọ́n sọ di orúkọ. Àwa gan-an ni a sì ni irú iṣẹ́ yẹn, àwa tá a ń sọ ọmọ ní Málọmọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ìwé ẹ-jẹ́-ó-kọjá nítorí èyí. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo jù ú nù. Ó ti ń fẹ̀yín sí wa jù. Ó jọ ìnagijẹ.

Èyí tí mo wá dìbò fún ni ìwé ìkọjá, láìsí àṣẹ. Àǹtí wa máa ní ìwé tí kò ní àṣẹ nínú, ìwé kí nìyẹn. Ẹ gbọ́ ìdí mi ná. Ẹ rántí adènà tí kò gbọ́ran. Nínú Faransé, laissez-passer àti ọkọ̀ ojú omi wọn ò jọra rárá. Odindi ẹ̀fẹ̀ náà kò ju pé adití ni ọkùnrin náà lọ. Ní Yorùbá, ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún wa:

"Ìwé ìkọjá la wá gbà."
"Ọkọ̀ ọjà? Èbúté ni wọ́n ti ń gba ìwé ọkọ̀ ọjà!"

Ẹ sọ ọ́ kíá, kí ẹ wá fi ìka di etí kan. Ìkọjá, ọkọ̀ ọjà. Ohùn ò dọ́gba, mo mọ̀, àmọ́ adití ló ń gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá wá ki "àṣẹ" bọ àárín rẹ̀, eré náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò rò pé ó burú kí ìtumọ̀ dùn ju orísun lọ níbì kan, torí ibi tó máa pàdánù á pọ̀.

Bíi ti ajá Obelix. Idéfix ni wọ́n pè é, láti ara idée fixe, èrò tó ti gan mọ́ni lórí tí kò ṣeé ṣí nípò. Ẹnì kan níbí fẹ́ pè é ní Ajá Olórí-kunkun. Ẹ jọ̀ọ́. Àwọn bàbá wa kì í pe ajá bẹ́ẹ̀, òwe ni wọ́n fi ń sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe ajá wá jẹun. Mo ní kó jẹ́ Mi-ò-yí-ọ̀rọ̀. Ẹ wo bó ṣe máa rí tí Obelix bá ń pè é kiri inú igbó. Àmọ́ ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Nọ́ńbà wá ńkọ́? Ẹni tó ń túmọ̀ kọ ọ́ pé "A méjìdínlógójì". Èyí ò tọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ ọ́. Méjìdínlógójì ń ka nǹkan: ẹ̀yin méjìdínlógójì, ilé méjìdínlógójì. A méjìdínlógójì á wá di lẹ́tà A tí wọ́n tò jọ méjìdínlógójì. Tó bá jẹ́ orin ìyìn ni, ìkejìdínlógójì la máa pè é, torí orin mẹ́tàdínlógójì ló ṣáájú rẹ̀. Ṣé ìwé A mẹ́tàdínlógójì ṣáájú eléyìí? Kò sí ẹni tó mọ̀ ní ilé yẹn, mo sì fura pé kò sí. Orúkọ lásán ni nọ́ńbà náà, ẹ jẹ́ ká pè é bí ẹni ń ka owó ẹyọ: A èjìdínlógójì.

Ẹ wá wo ibi tó wúlò dé. Nígbà tí orí Asterix fẹ́ dàrú tán, ọgbọ́n sọ sí i. Ó lọ bá wọn, ó ní òun fẹ́ A39, gẹ́gẹ́ bí sákúlà tuntun B65, ìwé ìkéde tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yí gbogbo ọ́fíìsì ká, ṣe wí. Kò sí A39. Kò sí sákúlà kankan. Àmọ́ kò sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí kò tíì rí sákúlà tuntun, n ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán ara wọn kiri, fèrèsé sí fèrèsé, òkè sí ìsàlẹ̀, títí gbogbo ilé fi dojú rú, tí olórí wọn fúnra rẹ̀ fi fa A38 lé Asterix lọ́wọ́ kó ṣáà lè máa lọ. Nínú ìṣirò tiwa, 38 àti 39 kò jìnnà síra: èjì dín ní ogójì, ọ̀kan dín ní ogójì. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, "dínlógójì" nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èjìdínlógójì àbí ọ̀kàndínlógójì?" Ìbéèrè yẹn nìkan tó da ọ́fíìsì rú. B65, àrùndínláàádọ́rin, á wá gorí ẹ̀.

Ẹnì kan ti ní ó gùn jù, pé ẹnu àwòrán máa pa dé kí ọ̀rọ̀ tó tán, pé ní ọ́fíìsì wa gbogbo èèyàn ní í sọ tátí-éètì. Òótọ́ ni, tátí-éètì là ń sọ. Àmọ́ ẹ gbìyànjú A èjìdínlógójì lẹ́nu akọ̀wé àgbà kan tí kò kánjú, tó ń fà á síwájú ẹni tó ń kánjú. Ẹnu àwòrán tó bá pa dé, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́tà náà kò tiẹ̀ fún wa níṣòro: a tí Faransé ń pè àti a tiwa, bákan náà ni. Ká ní C ló fi ṣe é, ibo la máa gbà?

Ilé náà, la maison qui rend fou, mo fara mọ́ Ilé Asọnidiwèrè. Níbẹ̀ ni wèrè ti yẹ. Àwọn ará Jámánì pè é ní Das Haus, das Verrückte macht, ilé tó ń ṣe wèrè jáde, bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì. Ìyẹn náà dùn, tiwa ò sì kéré: asọnidiwèrè lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ akọ̀wé tó jókòó sínú ilé.

Mo dárúkọ Jámánì, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò jù nìyẹn. Passierschein A38 ti jáde kúrò nínú eré lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò tíì wo Asterix rí, tí wọ́n bá ń tì í kiri ọ́fíìsì, á ní Passierschein A38 lòun ń wá, gbogbo èèyàn á sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ìdí tí àpèlé yìí fi rìn ni pé orúkọ náà gbẹ. Kò sí ẹni tí í fi "ìwé wèrè" ṣàwàdà lẹ́ẹ̀mejì. Àwa náà ní "lọ kó o bọ̀" fún irú ìyà yìí, ó dára, àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí wa nìyẹn. Ìwé ìkọjá A èjìdínlógójì ni ohun tí àwa lè dá padà fún wọn.

Àkọlé eré náà kò mú mi lórí gbóná. Iṣẹ́ Méjìlá Asterix, ó ti tán. Kìkì kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí ẹnì kan má baà kà á sí ìṣẹ́ méjìlá.

Ìbò mi nìyẹn. Ohun tó kù tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni sákúlà. Wọ́n mú àkàríkárí wá, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ sákúlà tí kò sí rárá, tí ẹnì kankan ò kà rí, báwo ló ṣe fẹ́ kárí?