Tíṣà fún ọmọ mi ní òdo nítorí Monte Cristo: ṣé kí n lọ bá a nílé ìwé ni?

Màmá Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí màá kábàámọ̀. Wọ́n ní kí ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, kọ àròkọ lórí bí The Count of Monte Cristo, ìwé ìtàn tí Alexandre Dumas ará Faransé kọ, ṣe parí. Ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù! Èmi fúnra mi ni mo ní ká jọ wo èyí tí àwọn Faransé ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1998, alápá mẹ́rin, tí Gérard Depardieu ṣe Edmond Dantès, ọ̀dọ́ atukọ̀ tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀, tó sá jáde, tó wá ń gbẹ̀san. Nígbà tí Dantès padà lọ bá Mercédès, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́, létí òkun, omi bọ́ lójú mi. Ohun tí ọmọ rí ló kọ. Tíṣà fa bírò pupa kọjá lórí gbogbo rẹ̀, ó fún un ní òdo nínú 20. Baba rẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀, ara mi ò gbà á.

Ọmọ Òkè-Àdó: Àǹtí mi, ẹ rọra. Tíṣà ló jàre. Nínú ìwé, Dantès ò padà sọ́dọ̀ Mercédès rárá. Ìyẹn ti fẹ́ Fernand, ọ̀kan lára àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ Dantès, ó ti bímọ fún un, Marseille ló padà sí nígbẹ̀yìn, òun nìkan. Haydée ni Dantès bá wọkọ̀ ojú omi lọ, ọmọ Ali Pasha ti Janina tí Fernand da bàbá rẹ̀, tó sì tà á sóko ẹrú. Àwọn tó ṣe eré yẹn ló yí i.

Màmá Àdùkẹ́: Háà! Gbogbo omijé mi!

Ìyá Ìbejì: Èmi ò tíì dárí jì wọ́n nítorí Depardieu. Ọdún 14 ni Dantès fi jìyà nínú àjàalẹ̀ Château d'If, ọgbà ẹ̀wọ̀n àárín òkun, tiwọn wá jáde tòun ti ikùn bíi ti alága káńsù! Guillaume ọmọ rẹ̀ tó ṣe Dantès nígbà ọ̀dọ́ ló tiẹ̀ jọ ẹni tí ebi ń pa.

Àǹtí Tíṣà: Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má bá ìjà lọ. Ọmọ yín ò purọ́, ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Ẹ bẹ tíṣà kó jẹ́ kó tún un kọ: kí ló dé tí wọ́n fi yí ìparí padà? Lójú tèmi, ẹ̀san tí Dantès ń gbà ni kò jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ Mercédès nínú ìwé. Ó débi pé Édouard, ọmọ kékeré tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kú sí i, ọmọ Villefort, agbẹjọ́rò ìjọba tó sọ Dantès sẹ́wọ̀n. Ẹni tí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́ kò lè kàn padà lọ máa ṣe ọkọ ìyàwó ìgbà èwe rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n fún alẹ́ mẹ́rin fẹ́ rí olólùfẹ́ méjì pa pọ̀. Kó ka orí 111 dé 117, ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Bó bá ń sú u, kó kọ́kọ́ lọ ka ibi tí Dantès ti wọ inú aṣọ òkú Faria, àlùfáà tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n, tí wọ́n so ọta àgbá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tí wọ́n jù ú sókun.

Baba Ìbejì: Ẹ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ wa wà lára ẹni tó kọ ọ́. Marie-Cessette, ìyá bàbá Alexandre Dumas, ẹrú aláwọ̀ dúdú ni ní Saint-Domingue, Haiti òde òní. Bàbá Dumas di ọ̀gágun ní Faransé, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Taranto ní Ítálì fún bí ọdún méjì. Ara rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́ títí tó fi kú ní 1806. Ẹ wá sọ ibi tí Dumas ti rí ẹ̀wọ̀n kọ.

Màmá Àdùkẹ́: Mo ti lọ o. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti wo fíìmù yẹn rí. Kí ọmọ tún un kọ wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ti dé ibi aṣọ òkú, ó ní kí n má tíì pa jẹnẹrétọ̀. Baba rẹ̀ ló kù tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.