Ẹṣin aládùúgbò mi kú nítorí àrùn ọpọlọ tí ẹ̀fọn ń gbé kiri: kí ni kí n ṣe fún tèmi?

Bọ̀dá Ocala béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìlú Ocala ní Florida ni mo ń gbé, ẹṣin méjì ni mo sì ń sìn: abo kan tí ó lóyún, tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún tó kọjá, àti akọ kan tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí mo rà láìpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò fún mi ní ìwé kankan nípa abẹ́rẹ́ tí ó ti gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹṣin aládùúgbò mi, tí wáyà ọgbà nìkan ló pààlà àwa àti òun, ṣàdédé kọ oúnjẹ ní àárọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ń pòyì lójú kan, ó ń fi iwájú orí ti ògiri, kò sì dá ẹni tí ń fún un lóúnjẹ mọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣubú, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́ títí ó fi kú. Àyẹ̀wò ọpọlọ rẹ̀ fi hàn pé EEE (Eastern equine encephalitis), àrùn ọpọlọ ẹṣin tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ni.

Ìdààmú ọkàn mi pọ̀, nítorí pé òun àti akọ tèmi máa ń fi imú kan ara wọn lórí wáyà yẹn. Ṣé ó lè ti ràn án? Ṣé kí n kó àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Georgia? Ṣé abo tí ó lóyún lè gba abẹ́rẹ́ láìsí ewu fún oyún rẹ̀? Àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń fún wọn lómi ní ìrọ̀lẹ́; ṣé kí n dá wọn dúró?

Ìyá Kẹ́hìndé (Texas) fèsì pé:

Ẹ kú ìdààmú, Bọ̀dá mi. Ọlọ́run yóò dá àwọn tó kù sí. West Nile ni ó mú ẹṣin tiwa, ìyẹn àrùn ọpọlọ mìíràn tí ẹ̀fọn náà ń gbé kiri. Ètè rẹ̀ àti ẹran ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́. Ó yè é, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá fẹ́ yípo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan máa ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹranko lónìí, ẹ má dúró de ọ̀la. Àwa máa ń fún ẹṣin wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ìgbà ooru tó dé, mo sì rò pé ó tó.

Dókítà Ẹranko (Georgia) fèsì pé:

Ẹ kú ìrọ́jú, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí wáyà yẹn. Ara àwọn ẹyẹ inú igbó irà ni kòkòrò àrùn EEE ń gbé. Ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Culiseta melanura, tí ẹyẹ ni ó fẹ́ràn láti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni ó ń gbé e láti ara ẹyẹ kan dé òmíràn, kí àwọn ẹ̀fọn mìíràn, tí wọ́n ń jẹ ẹyẹ tí wọ́n tún ń jẹ ẹran àti ènìyàn, tó wá gbé e jáde kúrò nínú igbó. Bí ó bá dé ara ẹṣin, ìwọ̀nba tí ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó èyí tí ẹ̀fọn lè gbà kí ó sì kó ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹṣin aládùúgbò yín kò lè kó o ran tiyín. Irú àrùn ọpọlọ ẹṣin ti Venezuela, tí ó wọ Texas ní 1971, ni ó yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀fọn lè gba ìyẹn láti ara ẹṣin.

Ṣùgbọ́n ikú tí ó ṣẹlẹ̀ yìí fi hàn pé ẹ̀fọn tí ó ní àrùn náà wà ní àdúgbò yín báyìí, ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Nínú ẹṣin mẹ́wàá tí EEE bá dá dúbúlẹ̀, méje sí mẹ́sàn-án ni ó máa ń kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ti West Nile dín sí i, nítorí pé bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta ni ó ń kú. Kò sí oògùn tí ń pa èyíkéyìí nínú wọn. Oògùn ìrora àti ìwúlé, omi sára, àti ìtọ́jú kí ẹran má fi ara gbọgbẹ́ ni gbogbo ohun tí a ní. Ẹ má kó wọn wá sí Georgia, torí àrùn náà wà lọ́dọ̀ wa níbí pẹ̀lú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ sá tọ̀. Akọ yẹn, ẹ kà á sí ẹni tí kò gbà rí: yóò gba àkọ́kọ́ báyìí, yóò sì gba èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ rí i pé ti West Nile wà níbẹ̀, nítorí pé ti EEE kì í dáàbò bo ẹṣin lọ́wọ́ West Nile. Abo yín lè gba ti EEE báyìí. A máa ń fún àwọn tó lóyún, a sì máa ń tún un fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú ìbí, kí ọmọ lè rí ààbò mu nínú wàrà àkọ́kọ́.

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ ṣeun. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè tó níbi tí òtútù ti máa ń pa ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn Florida kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni a fi ń tún un níbẹ̀. Nígbà tí West Nile ṣẹ̀ṣẹ̀ dé New York ní 1999, kò sí àjẹsára rẹ̀ fún ẹṣin. Ní 2002, ẹṣin tí ó mú ní Amẹ́ríkà lé ní 14,000.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi náà ní ọ̀sán, kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n sì fi oògùn alé-ẹ̀fọn para. Ènìyàn kò ní àjẹsára EEE, bẹ́ẹ̀ ni bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó bá wọ ọpọlọ wọn ni ó ń kú.

Bọ̀dá Ocala fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Dókítà. Dókítà tiwa ti wá, àwọn méjèèjì sì ti gba abẹ́rẹ́. Ọrùn akọ wú díẹ̀ níbi abẹ́rẹ́ náà, kò sì jẹ koríko rẹ̀ tán ní àárọ̀ yìí. Ṣé àrùn náà ni? Mo sì ti da gbogbo omi tó dúró nínú táyà àti páànù nù. Ṣé ìyẹn tó?

Dókítà Ẹranko (Georgia) fèsì pé:

Ìwúlé àti àárẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ wọ́pọ̀, kì í sì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé bí ẹ̀fọn bá ti jẹ ẹ́ ṣáájú abẹ́rẹ́, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́rìnlá kí àrùn tó fara hàn. Bí ó bá ju 38.6°C lọ, tàbí tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ètè rẹ̀ rọ̀, tàbí tí ó dorí kodò tí kò dáhùn ìpè, ẹ pe dókítà yín lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, torí pé àrùn dìgbòlugi náà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Omi tí ẹ dà nù dára, ẹ máa dà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń mu, nítorí pé nínú ooru, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò lè tó ní òun nìkan, nítorí pé abẹ́ gbòǹgbò igi inú irà ni Culiseta ń yé sí, ọwọ́ yín kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ kó wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ pa iná ibẹ̀, kí ẹ sì tan fáànù ńlá sí wọn lára títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, torí pé ẹ̀fọn kì í lè fò dáadáa nínú afẹ́fẹ́ líle. Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì akọ yẹn sára ilẹ̀kùn ilé wọn báyìí, nítorí pé ti àkọ́kọ́ nìkan kò lè dáàbò bò ó.