"Aláìgbàgbọ́" kọ́ lorúkọ ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ láná, pé ká túmọ̀ "skeptic", ìyẹn ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí kó tó gba ọ̀rọ̀, sí "aláìgbàgbọ́", mi ò fara mọ́ ọn rárá, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ torí ó ká mi lára gan-an.

Ohun téèyàn bá fojú ara ẹ̀ rí, "mo mọ̀ ọ́n" ló máa ń sọ, èyí tí wọ́n bá sọ fún un tó sì gbà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ ni "mo gbà á gbọ́". Èdè wa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àmọ́ látìgbà tí "onígbàgbọ́" ti di orúkọ Kírísítẹ́nì ni "aláìgbàgbọ́" ti di orúkọ ẹni ègbé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kàn béèrè pé "ta ló sọ bẹ́ẹ̀, báwo ló sì ṣe mọ̀?", a ti dá a lẹ́bi kó tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán. "Oníyèméjì" tẹ́nìkan dábàá náà ò ṣe é lò, Jákọ́bù 1:8 ti bà á jẹ́, ó ní aláìdúró ni ní ọ̀nà rẹ̀ gbogbo, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí lè dúró gbọin-gbọin.

Ibi tó wá dùn mí jù ni "ìmísí". Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé Bíbélì fúnra ẹ̀ ló sọ pé Ọlọ́run mí sí òun, torí náà a ò gbọ́dọ̀ bi àṣẹ ẹ̀ léèrè. Ó dáa, ẹ ṣí 2 Tímótì 3:16 nínú Bíbélì Mímọ́ wa àtijọ́, ẹ kà á sókè: "Gbogbo ìwé-mímọ́ tí ó ní ìmísí Ọlọ́run li ó sì ní èrè". Ẹ wo "tí" yẹn dáadáa. Tí mo bá ní gbogbo ọmọ tó kàwé ló yege, ṣé mo ti sọ pé gbogbo ọmọ ló kàwé ni? Èyí tó bá ní ìmísí ló lérè, ohun tí Yorùbá ibẹ̀ sọ nìyẹn, kò sọ èwo ló ní i. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 gba ọ̀nà kejì, ó ní gbogbo ẹ̀ ló ní ìmísí, ọ̀nà méjèèjì ló sì ṣeé gbà torí Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ ìṣe kankan síbẹ̀, theopneustos, ọ̀rọ̀ wọn fún ìmísí Ọlọ́run, ló kàn wà níbẹ̀, a ò sì tún rí ọ̀rọ̀ yẹn níbòmíì nínú Májẹ̀mú Tuntun. Lẹ́tà méjì péré, atúmọ̀ èdè ló yàn án! Ẹsẹ 15 tún ní Tímótì ti mọ ìwé mímọ́ náà láti kékeré, ìwé àwọn Júù nìyẹn, torí nígbà tó wà lọ́mọdé, wọn ò tíì kọ Ìhìn Rere kankan.

Ta ló wá ka àwọn ìwé Májẹ̀mú Tuntun mọ́ ọn? Inú lẹ́tà tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ lọ́dún 367 la ti kọ́kọ́ rí ìwé 27 tó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun gẹ́lẹ́, láìdín láìlé. Títí dòní, 66 ni ìwé inú Bíbélì Pùròtẹ́sítáǹtì, ti Kátólíìkì jẹ́ 73, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Etiópíà ń ka 81. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ "ìwé àṣẹ" tẹ́ ẹ dá fún "canon", ìyẹn àkójọ àwọn ìwé tí ìjọ gbà sínú Bíbélì. "Àkójọ àfọwọ́sí" ló tọ̀nà, torí ọwọ́ èèyàn hàn nínú ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ á lè béèrè pé ọwọ́ ta ni.

Ní ti "skeptic", "atọpinpin" lèmi mú wá. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni, àmọ́ Lúùkù fúnra ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀, ní òun wádìí ohun gbogbo fínnífínní kóun tó kọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó pè é ní aláìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí ló ní irú ìbéèrè yìí lọ́kàn tí wọn ò lè sọ ọ́ síta, torí orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ fún ẹni tó bá sọ ọ́ síta, èébú ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju "atọpinpin" lọ kó gbé e wá, màá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó má ní "àì" nínú.