Èkó kì í sinmi: kí ni ẹ̀yin ń ṣe kí ọkàn yín lè balẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Marina, Gbàgádà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìdúró de ọkọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo gbé wá, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ẹ mu omi gbígbóná pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo àrùn á sá. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe lójoojúmọ́ tí ara yín fi ń balẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, kó má sọ ọ́.

Tèmi nìyí. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá mi nílé, nítorí bí aago mẹ́fà bá lù bá mi ní Gbàgádà, mo ti pẹ́ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, bí ìdí mi bá ṣe ń kan àga ọkọ̀ ni fóònù ti ń jáde: dọ́là ti gòkè, wọ́n ti jí ẹnìkan gbé, àwọn olóṣèlú ń bú ara wọn. Kí n tó dé CMS, èjìká mi á ti le gbagidi, orí á ti máa fọ́ mi, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀gá.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò pọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gun Third Mainland láti Ọ̀wọ́ròǹṣòkí, fóònù á wọ àpò. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, láti 1990 tí wọ́n ti parí rẹ̀ ni ó ti ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀, ẹ sì mọ̀ pé lọ́jọ́ mìíràn, orí rẹ̀ ni àárọ̀ ti ń tán. Títí a ó fi sọ̀ ní Adéníji, ìta ni mò ń wò: UNILAG, èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní Mákòkó, àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn. Màá rọra mí sínú, màá jẹ́ kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ. Tí ọkàn mi bá sáré lọ sídìí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, n kì í bá a jà, màá kàn dá a padà sórí èémí. Tó bá fẹ́, kó tún sá lọ. Kọ́ńdọ́ ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o", ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wàásù. Kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Aláṣọ, Balógun

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kó mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Àjà kẹta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀yin tó mọ Balógun mọ irú àtẹ̀gùn tí mò ń wí: ó ṣókùnkùn, ó há, alábàárù ń sọ̀ bọ̀ látòkè, oníbàárà ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Àwọn kan wá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọjà, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo na apá. 158 lórí 96. Ọmọbìnrin tó ń wọ̀n ọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná." Mo ní mi ò ráyè, oníbàárà mi láti Kútọnu wà lókè. Ó ní àní kí n jókòó. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí n má gbé ọ̀kan lé èkejì, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n gbé apá lé tábìlì kó bá àyà mi dọ́gba, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tún bi mí bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, pé ìtọ̀ tí èèyàn mú mọ́ra náà máa ń gbé e sókè. Nígbà tó tún un wọ̀n, ó di 144 lórí 90.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. 144 ṣì ga. Láti 140 lórí 90 ni àwọn dókítà ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n bá tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tí kò sì wálẹ̀. Mo lọ rí dókítà, wọ́n fún mi ní oògùn, mo ṣì ń lò ó, jíjókòó jẹ́ẹ́ kò dípò rẹ̀. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé irú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, n kò rántí ìgbà tí mo ní in kẹ́yìn láìjẹ́ pé oorun ni mò ń sùn. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orí mi ń ṣírò gbèsè.

Mo bá sọ ọ́ di àṣà. Tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọ tó ń bá mi tajà ń to àǹkárá síta, màá jókòó gẹ́lẹ́ bí ọmọbìnrin yẹn ṣe kọ́ mi. Àwọn aládùúgbò mi kọ́kọ́ rò pé mò ń bínú. Ẹnìkan tiẹ̀ wá bi mí pé ta ló kú. Wọ́n ti mọ̀ báyìí, àwọn gan-an ló ń lé oníbàárà sẹ́yìn: "Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó tán ná." Ọbẹ̀ náà yí padà. Mo dín kúùbù kù gan-an nínú ẹ̀fọ́, irú ló ń gbé adùn rẹ̀ báyìí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, àti iyọ̀ inú kúùbù ni wọ́n kà mọ́ ọn. Ọkọ mi ráhùn títí. Ó ti mọ́ ọn lára.

Onímọ́tò, Ọbáléndé sí Kétu

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ lè máa wo omi. Èmi tí mo di sítíárì mú, tí mo bá wo omi, gbogbo wa la máa bá omi lọ.

Èmi ò mọ̀ nípa èémí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀yìn ń ro mí, oorun tí mò ń sùn ò sì tó mi. Obì ni mò ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹnìkan ní páàkì wa ló là mí lóye pé ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí náà ló wà nínú obì, àti pé lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Ẹ wò ó: obì aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èmi tí mo fẹ́ sùn ní mọ́kànlá, tí mo sì fẹ́ jí ní mẹ́rin. Tí oòrùn bá ti kúrò lórí báyìí, n kì í jẹ obì mọ́. Tí ọkọ̀ bá sì ṣì wà níwájú mi lórí tọ́ọ̀nù, n kì í jókòó sídìí sítíárì mọ́. Màá sọ̀kalẹ̀, màá rìn yí páàkì ká, màá na ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀. Paraga tí wọ́n ní ó ń wo ẹ̀yìn ríro, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀yìn méjì.

Ẹ má rò pé mo ti di wòlíì o. Ẹni tó bá já gbà níwájú mi ṣì máa ń gbọ́ tiẹ̀.

Ọmọ Jésù, Ìyànà-Ìpájà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Kí èèyàn jókòó kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀, ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà nìyẹn. Pásítọ̀ wa ti kìlọ̀ fún wa. Ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ di òfìfo, kò mọ ohun tó máa wọ ibẹ̀. Àdúrà tó mi.

Télọ̀, Muṣin

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, n kò sì fẹ́ bá yín jà. Mùsùlùmí ni mí, àdúrà tó èmi náà. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀, ta ló ní kí á sọ ọkàn di òfìfo? Bàbá mi ló kọ́ mi pé kí n má máa sáré ṣe àlùwàlá: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí, ẹsẹ̀, kí n mọ̀ ọ́n lára pé omi kan ibẹ̀. Tí Iléyá bá ń bọ̀, tí aṣọ ẹbí wà nílẹ̀ bẹẹrẹbẹ, tí gbogbo wọn ń pè mí lórí fóònù, àwọn èèyàn rò pé ìrun ló ń jẹ àkókò mi. Irọ́ ni. Lẹ́yìn tí mo bá ti kí Àìlà tán ni ọwọ́ mi máa ń yá jù, tí mi ò sì ní tú ohun tí mo rán. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í gba kí ọkàn ẹni wà níbòmíràn, abẹ́rẹ́ á gún èèyàn níka.

Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá mí kanlẹ̀ kí ẹ tó ṣe "Àmín", ta ló máa pè yín ní ará Íńdíà?

Nọ́ọ̀sì, Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tí ó ti kan iṣẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n Ìyànà-Ìpájà kò parọ́ tán: ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni púpọ̀ nínú jíjókòó ṣọ́ èémí yìí ti wá. Àmọ́ ní 1979, Jon Kabat-Zinn, ní ilé ìwé ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò lọ bọ̀rọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Tí a bá ń mí sínú, ọkàn a máa lù kíákíá díẹ̀; tí a bá ń mí síta, á rọra. Iṣan gígùn kan tó ti inú orí gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé àyà àti ikùn ló ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mímí síta pẹ́ẹ́pẹ́ fi ń fa ara wálẹ̀. Ẹ gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ dán an wò, òmíràn nínú yín á mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀.

Kò bá gbogbo èèyàn lára mu o. Àwọn kan wà, ìgbà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́ gan-an ni ìpayà ń dé: ẹni tí adigunjalè ti wọlé tọ̀ rí, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀. Kí irú wọn má fipá dijú. Kí wọ́n máa rìn, kí ojú wọn là, kí wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá sì rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, tí oúnjẹ kò wù ú, tàbí tó ń rò ó pé ikú sàn ju kí òun wà láyé, kó má jókòó ti èémí, kó wá dókítà lọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbí, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Láti 1907 ló ti wà, orúkọ àdúgbò wa sì ti di èébú lẹ́nu ará Èkó. Bẹ́ẹ̀, irú ẹni tí ẹ ń bá pàdé ní báńkì pẹ̀lú táì lọ́rùn ló ń lọ gba ìtọ́jú tí á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àbúrò yín, Agége

Mo gbé áàpù kan sórí fóònù, òyìnbó kan á ní kí n fojú inú wo etíkun tó dákẹ́ rọ́rọ́. Etíkun wo? Jẹnẹrétọ̀ ló ń ké lábẹ́ fèrèsé mi. Mo yọ ọ́ dànù. Ariwo jẹnẹrétọ̀ náà ni mo wá ń tẹ́tí sí: ti onígẹ̀rígẹ̀rí ń hu, ti ẹni tó ń ta omi tútù ń wúkọ́, títí oorun á fi gbé mi lọ. Fóònù kì í bá mi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, orí tẹlifíṣọ̀n ló ń sùn. Tí wọ́n bá mú iná wá lóru, kó gba iná tirẹ̀, kí èmi náà máa sùn.

Èrò ọkọ̀ ojú irin, Mile 2

Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 tí Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, mo ní àkókò lọ́wọ́ láàárọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ṣe eré ìdárayá. Oorun ni mo fi ń sùn. N kò tọrọ àforíjì.

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Sítádíọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí, èyí tí wọ́n gba àlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà sí ní 1973, ni àwa kan ti ń pàdé láàárọ̀ láti rìn. WHO ní kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, ìrìn kíákíá sì wà nínú rẹ̀. Ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún, ó pé. Ẹ má ra aago tó ń ka ìgbésẹ̀ nítorí rẹ̀: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn yín yá tó.

Òfin kan wà láàárín wa, n kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀: ní ìyípo àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ ni ká máa gbọ́, àti ẹyẹ, àti kọ́ńdọ́ tó ń pe Ọ̀jùẹ̀lẹ́gbà lókèèrè. Láti ìyípo kejì lọ, ẹnu là: owó ìfẹ̀yìntì, orúnkún, Super Eagles. Ọ̀gá ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa, ìyípo àkọ́kọ́ yẹn ló nira fún un jù.

Aláṣọ, Balógun

Ẹ kú àárọ̀ sà. Ìtirẹ̀ ni mò ń gbé, kò jìn sí yín. Ọjà kì í jẹ́ kí n ráyè láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ máa ń wà níbẹ̀ ní Sátidé?

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, Sùúrùlérè

A máa ń wà níbẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì, ẹ má wọ sílípáàsì wá. Ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fo oògùn yín. Tí ẹ bá rí àwọn arúgbó tó ń rìn bí ẹni tó ń bá ara wọn yodì, àwa nìyẹn, ẹ bọ́ sẹ́yìn wa.